Máígídá: bí a ṣe ń gba àlejò tí kò gbédè sílé l'Óṣogbo

Àwọn ọmọ ìsinsìnyí gbà pé íntánẹ́ẹ̀tì ló kọ́ arìnrìn-àjò bí wọ́n ṣe ń sùn sílé ẹni tí wọn ò mọ̀ rí. Wọ́n á ní ẹ wo Couchsurfing, 2004 ló bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ bá ti gba Sábó, àdúgbò àwọn Haúsá, kọjá l'Óṣogbo, ẹ ti kọjá níwájú ilé àwọn tó ń ṣe é tipẹ́tipẹ́.

Máígídá ni Haúsá ń pe onílé. Ṣùgbọ́n nínú òwò ọ̀nà jíjìn, máígídá kì í ṣe ẹni tó kàn nílé lásán. Oníṣòwò tó bá da màlúù tàbí tó ru obì wọ ìlú onílùú, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ló ń wọ̀ sí. Kò ní san owó yàrá. Máígídá á bá a wá oníbàárà, á túmọ̀ ọ̀rọ̀ fún un, á bá a tọ́jú owó. Bí ọjà bá tà, á yọ owó díẹ̀ lórí màlúù kọ̀ọ̀kan tàbí agbọ̀n obì kọ̀ọ̀kan. La'ada ni wọ́n ń pe owó yẹn. Kí òyìnbó tó dé lọ̀rọ̀ yìí ti wà, láyé tí wọ́n ń ru gbàǹja láti ilẹ̀ Gonja, ní Gánà òde òní, níbi tí obì náà ti gba orúkọ.

Rélùwéè ló wá sọ ọ́ di ńlá. Ó dé Ìbàdàn ní 1901, ó sì ti wọ Òṣogbo kí 1908 tó dé. Nígbà tí ojú irin náà fi kan Kánò, màlúù ń bọ̀ láti Òkè Ọya, obì ń lọ.

Wàhálà tó wà níbẹ̀ ni pé alápatà kì í sábà lówó màlúù lọ́wọ́. Àwìn ló ń rà, ìgbà tó bá ta ẹran tán ló ń san. Ọkùnrin tó sọ̀ kalẹ̀ nínú rélùwéè lánàá, tí Yorùbá rẹ̀ ò ju "ẹ pẹ̀lẹ́" lọ, báwo ló ṣe fẹ́ mọ alápatà tó máa sanwó yàtọ̀ sí èyí tó máa sá? Kò mọ ilé rẹ̀, kò mọ ẹbí rẹ̀. Máígídá mọ̀ ọ́n, òun ló sì ń dúró fún un: bí alápatà bá sá, máígídá ló jẹ gbèsè. Ẹni tó ni màlúù á wá jókòó de owó rẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Níbo ni kó máa sùn? Àwọn kan fẹ́ràn láti máa sọ pé ìwà ọmọlúàbí ló bí yàrá àlejò. Èmi ò gbà. Àwìn ló bí i.

Àwọn òyìnbó kan gba ọ̀nà míì yọ sí i. Zamenhof gbé Esperanto, èdè àtọwọ́dá kan, jáde ní 1887, kí ará ibí àti ará ọ̀hún lè gbọ́ ara wọn yé. Ní 1974, àwọn tó ń sọ ọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ ìwé kékeré kan, Pasporta Servo, orúkọ àwọn tó ṣe tán láti gba àlejò sílé lọ́fẹ̀ẹ́ ló wà nínú rẹ̀, bí àlejò bá sáà ti gbọ́ Esperanto. Tiwọn ni pé kí onílé àti àlejò jọ kọ́ èdè kẹta. Tiwa, ẹni tó gbọ́ méjèèjì ló ń ni ilé.

Ìgbà míì sì wà tí kò sí ògbufọ̀ rárá. Susanne Wenger, ayàwòrán ará Austria tí a mọ̀ sí Àdùnní Olórìṣà, dé Nàìjíríà ní 1950. Nígbà tí Àjàgẹmọ, àwòrò Ọbàtálá, gbà á mọ́ra ní Ẹdẹ, kò gbọ́ Yorùbá, bàbá náà ò sì gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì.

Lóṣù Kẹjọ ọdún kan, nígbà ọdún Ọ̀ṣun, àlejò kan láti Brazil sùn sílé wa. Kò gbọ́ nǹkan kan lẹ́nu wa. Ó kàn ké "Ora iê iê ô!" lẹ́nu ọ̀nà, màmá mi sì ti dá a lóhùn láti ilé ìdáná: "Oore Yèyé o!" Ọ̀rọ̀ tí wọ́n jọ sọ lálẹ́ ọjọ́ náà ò jù bẹ́ẹ̀ lọ, ọwọ́ ni wọ́n fi sọ ìyókù. Láàárọ̀ ọjọ́ tí a fẹ́ lọ sí igbó Ọ̀ṣun, tí èrò máa ń pọ̀ bí eéṣú, ó yọ pásípọ́ọ̀tù àti owó rẹ̀, ó kó o lé Màmá lọ́wọ́. Ẹnikẹ́ni ò ní kó ṣe bẹ́ẹ̀. Màmá ka owó náà lójú rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, ó wé e sínú ìborùn, ó tì í mọ́nú àpótí, ó sì so kọ́kọ́rọ́ mọ́ etí ìró.