Kálórì: Okun Inú Oúnjẹ Ni, Kì í Ṣe Ooru Rẹ̀

Ó ti pẹ́ tí ọ̀rọ̀ yìí ti ń dùn mí. Ẹni tó bá fẹ́ kọ́ bí a ṣe ń se oúnjẹ tí kò ní mú ara sanra jù yóò kọ́kọ́ bá kálórì pàdé, kò sì ní pẹ́ tí yóò fi rí i pé ohùn àwọn tó ń túmọ̀ rẹ̀ sí Yorùbá kò ṣọ̀kan. Àwọn kan ń pè é ní ooru, àwọn kan ń pè é ní agbára, àwọn mìíràn tilẹ̀ sọ ọ́ di ọ̀rá. Èmi ń pè é ní okun inú, n ó sì sọ ìdí rẹ̀, nítorí ìtumọ̀ tó bá wọ́ kì í dúró sórí ìwé, inú ìkòkò ló ń dé.

Àwọn olóoru ní ẹ̀rí díẹ̀ lọ́wọ́. Láti inú èdè Látìn ni kálórì ti wá, ooru gan-an ni ó sì ń jẹ́ níbẹ̀. Ooru náà ni a fi ń wọ̀n ọ́n: kálórì kan ni ooru tó lè mú kí kílógíráàmù omi kan gbóná sí i ní dígírì Celsius kan. Kálórì kékeré wà pẹ̀lú, tí ẹgbẹ̀rún rẹ̀ jẹ́ ńlá kan, ṣùgbọ́n ti ńlá ni gbogbo wa ń sọ tí a bá ń sọ̀rọ̀ oúnjẹ, n kò sì rí ìdí tí ẹni tó ń dáná yóò fi da ara rẹ̀ láàmú nípa ìyókù. Irinṣẹ́ tí a fi wọn nǹkan kì í ṣe nǹkan náà. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ka irú ìtumọ̀ yìí nínú ìwé ìléwọ́ kan tó ní kí wọ́n dín ooru inú oúnjẹ wọn kù, odindi ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni wọ́n sì fi ń jẹ́ kí ọbẹ̀ tutù kí wọ́n tó jẹ ẹ́. Olóye ènìyàn ni wọ́n. Ìwé ló ṣì wọ́n lọ́nà. Iye okun kan náà ló wà nínú ọbẹ̀ tútù àti ọbẹ̀ gbígbóná.

Àwọn tó sọ ọ́ di ọ̀rá ló ń bí mi nínú jù. Ọ̀rá kàn jẹ́ ọ̀kan nínú ohun tó ń gbé okun ni. Láti ìgbà tí Wilbur Atwater, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì nípa oúnjẹ, ti ṣe ìwádìí rẹ̀ ní Amẹ́ríkà ní ìparí ọ̀rúndún kọkàndínlógún ni a ti ń fi kálórì 9 ka gíráàmù ọ̀rá kan, tí a ń fi 4 ka ti ṣítáàṣì, tí a sì ń fi 4 ka ti amúaradàgbà. Ẹni tó bá gbà pé ọ̀kan náà ni kálórì àti ọ̀rá yóò yọ epo kúrò nínú oúnjẹ, yóò sì máa da ṣúgà sí i láìfura.

Agbára sàn díẹ̀, ṣùgbọ́n ẹrù ti pọ̀ jù lórí rẹ̀: agbára ọba, agbára oògùn, agbára iná mànàmáná. Ẹ sọ fún ènìyàn pé kí ó jẹ oúnjẹ tí agbára rẹ̀ kéré, yóò rò pé ẹ ní kí ó jẹ èyí tí kò ṣe ara lóore. Okun inú ni a fi ń gbé tìta. Ta ni ó gbọ́ ìyẹn tí kò mọ̀ pé oúnjẹ ni à ń sọ? Oúnjẹ afúnnilókun ni àwọn olùkọ́ ń wí, wọn kì í wí pé afúnnilóoru. Àtakò tí mo ti gbọ́ ni pé àwọn ènìyàn yóò kà á sí okùn tí a fi ń di ẹrù, tàbí òkun tí ọkọ̀ ń rìn. Ẹni tó bá ń fi àmì sórí ọ̀rọ̀ kò ní ṣì í kà, ẹni tí kì í sì í fi àmì sí i, kì í ṣe okun nìkan ni yóò bà jẹ́. Kálórì fúnra rẹ̀ kò ní kúrò ńlẹ̀: orúkọ ìwọ̀n ni, bíi gíráàmù àti mítà. Okun ni nǹkan náà, kálórì ni a fi ń kà á. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má sì sọ pé ẹ ń ṣọ́ kálórì. Olè ni à ń ṣọ́. Ìṣirò okun ni ẹ ń ṣe.

Ẹ fi ara wé fìtílà tí kì í kú tọ̀sán-tòru, tí ó ń rọra jó bí a bá sùn, tí iná rẹ̀ sì ń ròkè bí a bá ń ṣiṣẹ́. Okun inú oúnjẹ ni epo rẹ̀. Epo tí iná kò bá jó tán kì í dànù, ikùn fìtílà ni yóò gbà á, ikùn náà yóò sì máa fẹ̀. Bí èyí tí a bù sí i bá kéré sí èyí tó ń jó, iná yóò fa èyí tó wà nílẹ̀ lò, ikùn yóò sì máa súnkì díẹ̀díẹ̀.

Nídìí iná ìdáná, ọwọ́ tó ń da epo ni kí ẹ kọ́kọ́ wò. Ṣíbí ńlá kan tó kún fún epo jẹ́ gíráàmù bíi 14, kálórì rẹ̀ sì tó 120. Ẹni tó dorí ìgò kodò sórí páànù, tó ń wo bí epo ṣe ń dán tó sì ń tàn ká, lè ti da ṣíbí mẹ́ta kí ó tó gbé ìgò sílẹ̀: kálórì 360 ti wọlé kí ẹyin tó kan páànù, bẹ́ẹ̀ ẹyin ńlá kan kò ju bíi 70 lọ. Ẹ da epo sínú ṣíbí ná. Ẹja tàbí adìyẹ tí a bọ̀ tàbí tí a yan lè má nílò epo rárá. Ewébẹ̀ ní tirẹ̀, omi ló pọ̀ jù nínú rẹ̀, omi kò sì ní okun kankan, ìdí nìyẹn tí a fi lè bù ú kún ìdajì àwo. Ṣùgbọ́n bí ó bá ti mu epo nínú páànù, epo náà ni kí ẹ kà.

Ohun tó tún ń da ìṣirò rú ni ìrẹsì. Gíráàmù 100 ìrẹsì gbígbẹ ní kálórì bíi 360, gíráàmù 100 èyí tó ti jinná kò ju bíi 130 lọ, nítorí omi tó mu ló fi wúwo sí i. Ẹni tó wọ̀n ọ́n ní gbígbẹ tó wá lo iye ti jíjinná yóò rò pé òun jẹ 130 nígbà tó jẹ́ pé 360 ló wọlé. Mo ti kọ ìyẹn sẹ́yìn ìwé ìléwọ́ ẹ̀gbọ́n mi, mo sì fi gègé pa ooru rẹ́ níwájú rẹ̀, mo kọ okun inú sí ipò rẹ̀.