Ìró àjèjì nínú páìpù èéfín alùpùpù Norton Commando

Norton Commando jẹ́ alùpùpù ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí wọ́n kọ́kọ́ fi han aráyé ní Lọ́ńdọ̀nù lọ́dún 1967. Ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ní sìlíńdà méjì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn: 745 cc ni ti àkọ́kọ́, èyí tó jẹ́ 828 cc sì dé ní 1973. Písítínì méjèèjì jọ ń gòkè, wọ́n jọ ń sọ̀ kalẹ̀, ṣùgbọ́n tí iná bá jó nínú ọ̀kan, ó di ìyípo tó tẹ̀ lé e kí ó tó kan èkejì. Ìdí nìyí tí ìró rẹ̀ fi ń lọ déédéé bí ẹsẹ̀ ìlù, tí etí tó mọ̀ ọ́n sì tètè ń fura bó bá ṣi ẹsẹ̀ gbé.

Ibi tí ẹjọ́ ti sábà ń bẹ̀rẹ̀ ni ibi tí páìpù èéfín ti wọnú orí ẹ́ńjìnnì. Nọ́ọ̀tì ńlá kan ló dì í mú níbẹ̀, inú alumíníọ̀mù ni wọ́n sì la tírẹ́ẹ̀dì rẹ̀ (ìlà yíyí tí nọ́ọ̀tì fi ń wọlé) sí. Ooru àti gbígbọ̀n ń tú u díẹ̀díẹ̀. Tí rọ́bà tó gbé sálẹ́ńsà (ọ̀pá tó ń dín ariwo èéfín kù) bá ti le tàbí tó ti já, ọrùn nọ́ọ̀tì yìí ni gbogbo gbígbọ̀n náà ń bọ́ sí. Bó bá ti ń mì, ó ń jẹ tírẹ́ẹ̀dì nìyẹn.

Èéfín tó ń jò níbẹ̀ ń dún tí-tí-tí bíi tápẹ́ẹ̀tì, irin kékeré tó ń ti fáàfù (ìlẹ̀kùn afẹ́fẹ́ àti èéfín ẹ́ńjìnnì) ṣí, ọ̀pọ̀ ènìyàn sì ti torí rẹ̀ tú ìdérí tápẹ́ẹ̀tì lásán. Àlàfo tápẹ́ẹ̀tì kò ju 0.006 íǹṣì fún fáàfù tó ń gba afẹ́fẹ́ wọlé àti 0.008 fún ti èéfín, nígbà tí ẹ́ńjìnnì bá tutù; kò gba àkókò láti wọ̀n ọ́n. Ìró tápẹ́ẹ̀tì kì í fi bẹ́ẹ̀ yí padà bí ẹrù ṣe ń wọ ẹ́ńjìnnì lára. Ti èéfín ń le sí i téèyàn bá tẹná, ó sì lè rọlẹ̀ nígbà tí irin bá gbóná tó fẹ̀. Ẹ̀rí tó dájú jù ni ẹ̀dú dúdú tó yí etí nọ́ọ̀tì ká bí ìgbà tí wọ́n lé tìróò. Èèyàn tún lè ki orí ọ̀pá rọ́bà kan sétí, kó fi orí kejì wá ibi tó ti ń fẹ́, níta gbangba, torí èéfín ẹ́ńjìnnì ń pa ènìyàn.

Ìbúgbàù gbàù-gbàù nígbà tí wọ́n bá dẹwọ́ iná jẹ́ ọ̀rọ̀ mìíràn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ojú ihò kan náà ló lè ti wá. Epo tí kò jó tán ń bọ́ sínú páìpù, ihò náà ń fa afẹ́fẹ́ tútù wọlé, méjèèjì a sì gbaná pọ̀. Bí kò bá sí ibi tó ń jò, ìgbà náà ni kí wọ́n yẹ kàbúrétọ̀ Amal (ẹ̀rọ tó ń po epo mọ́ afẹ́fẹ́) wò, bóyá epo rẹ̀ ti kéré jù, lẹ́yìn náà taimín-ìn, ìyẹn àkókò tí iná ń ṣẹ́ nínú sìlíńdà.

Bí ìlù bá ṣẹ́ sí méjì, tó ń fò, ó ṣeé ṣe kí sìlíńdà kan má ṣiṣẹ́. Kí wọ́n tan án, kí wọ́n wọ́n omi díẹ̀ sára páìpù méjèèjì nítòsí orí ẹ́ńjìnnì: ọ̀kan á hó ṣáà, omi á sì máa ṣàn lára èyí tó kú. Ara pọ́ọ̀gì ìhà yẹn ni àyẹ̀wò ti ń bẹ̀rẹ̀.

Fún nọ́ọ̀tì tó tú, gáásíkẹ́ẹ̀tì tuntun ni kí wọ́n fi sí i. Wọ́n á dì í, wọ́n á tan ẹ́ńjìnnì títí tí yóò fi gbóná dáadáa, wọ́n á tún fi sípánà rẹ̀ dì í le. Bẹ́ẹ̀ náà lẹ́yìn tí wọ́n bá gùn ún díẹ̀, kí wọ́n tó tẹ etí wáṣà tí kì í jẹ́ kó tú bò ó. Bí tírẹ́ẹ̀dì bá ti jẹ tán, wọ́n ní láti gbé orí ẹ́ńjìnnì lọ sọ́dọ̀ ẹni tó ní ẹ̀rọ léètì, kó gbẹ́ ibẹ̀ fẹ̀, kó sì fi òrùka onítírẹ́ẹ̀dì tuntun sí i.