Fífi máíkúrówéèfù ṣe lúbúlúbú ìmọ́lẹ̀

Lúbúlúbú ìmọ́lẹ̀, tí àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ń pè ní phosphor, ni èròjà tó máa ń gba irú ìmọ́lẹ̀ kan sára, tó sì ń tan irú mìíràn jáde. Òun ló ń mú kí gílóòbù LED tàn funfun.

Ẹni tó bá dúró lọ́dọ̀ àwọn tó ń tún iná ṣe ní Sábó, Ìkòròdú, á rí i fúnra rẹ̀. Tí wọ́n bá ti ṣí ike tó bo gílóòbù, àwọn ẹyọ pẹlẹbẹ kéékèèké aláwọ̀ ìyeyè ló wà nínú rẹ̀. Ìyeyè yẹn ni lúbúlúbú náà. Iná búlúù ni ẹyọ tó wà lábẹ́ rẹ̀ ń tàn. Lúbúlúbú á sọ díẹ̀ nínú rẹ̀ di ìyeyè, búlúù tó kù á dà pọ̀ mọ́ ọn, ojú á sì rí i ní funfun. Isamu Akasaki, Hiroshi Amano àti Shuji Nakamura ló gba ẹ̀bùn Nobel ní 2014 nítorí LED búlúù, ìyẹn irú ẹyọ tó ń tan iná búlúù yìí.

Ní Ìkòròdú, àwọn tó ń lo sólà àti bátìrì mọyì LED gan-an, nítorí wáàtì 9 rẹ̀ ń tàn tó wáàtì 60 ti gílóòbù oníwáyà àtijọ́.

Yttrium, aluminium àti oxygen ni wọ́n fi ń ṣe lúbúlúbú ìyeyè tó wọ́pọ̀ jù, pẹ̀lú cerium díẹ̀, tó jẹ́ pé òun gan-an ló ń tan ìmọ́lẹ̀. Nínú iná ìléru lásán, ó ń gba ooru bí 1,400 sí 1,600°C fún ọ̀pọ̀ wákàtí. Máíkúrówéèfù lè dín àkókò náà kù sí ìṣẹ́jú díẹ̀. Ìgbì 2.45 GHz kan náà tó ń gbé oúnjẹ gbóná nílé ni wọ́n ń lò.

Àwọn èròjà yìí kì í fi bẹ́ẹ̀ gba ìgbì náà sára nígbà tí wọ́n bá tutù, èédú ló ń ràn wọ́n lọ́wọ́. Wọ́n á kó èròjà sínú ìkòkò kékeré, wọ́n á gbé e sínú ìkòkò ńlá, wọ́n á sì da èédú wẹ́wẹ́ yí i ká. Èédú á gba ìgbì, á pọ́n bí irin alágbẹ̀dẹ, ooru rẹ̀ á sì wọ inú èròjà. Iṣẹ́ kejì rẹ̀ ṣe pàtàkì gan-an: gáàsì carbon monoxide tó ń tú jáde kì í jẹ́ kí oxygen ba cerium jẹ́, nítorí cerium tó bá pàdánù ẹ̀léktírọ́ọ̀nù kan sí i kì í tan ìyeyè mọ́.

Ọ̀nà mìíràn ni pé kí wọ́n fi yúríà, tí àwọn àgbẹ̀ mọ̀ sí ajílẹ̀, po iyọ̀ nitrate àwọn irin náà. Máíkúrówéèfù á mú kó gbiná lójijì, á sì di lúbúlúbú.

Wíwọn ooru ló nira jù, torí pé irin ìwọn-ooru lásán kì í bá ìgbì náà rẹ́. Ẹ̀rọ tó ń wo àwọ̀ iná láti òkèèrè ni wọ́n ń lò. Máíkúrówéèfù tí wọ́n bá sì ti fi ṣe irú iṣẹ́ yìí kò gbọdọ̀ padà sí ilé ìdáná.