Ọnà èdè àti ọgbọ́n ìsọ̀tàn nínú How to Steal a Dog

How to Steal a Dog jẹ́ ìtàn àròsọ fún àwọn ọmọdé tí Barbara O'Connor, òǹkọ̀wé ọmọ Amẹ́ríkà, kọ. Ọdún 2007 ló jáde. Darby, ìlú kékeré kan ní ìpínlẹ̀ North Carolina, ni ibùdó ìtàn náà. Bàbá Georgina Hayes fi ìyàwó àti ọmọ méjì sílẹ̀ lọ. Owó ilé kò ṣeé san mọ́, wọ́n lé wọn jáde, ìyá àti àwọn ọmọ sì di ẹni tó ń sun inú ọkọ̀. Nígbà tó yá, Georgina rí ìwé ìkéde pé ẹni tó bá rí ajá kan tó sọnù yóò gba 500 dọ́là. Ó wá pinnu láti jí ajá olówó kan, kó dá a padà, kó sì gba owó tí wọ́n bá fi dúpẹ́.

Ojúmilóṣe ni ọgbọ́n ìsọ̀tàn tí O'Connor lò, Georgina fúnra rẹ̀ ló ń ròyìn. Ohun tí ọmọ náà rí nìkan ni òǹkàwé ń rí, ṣùgbọ́n òǹkàwé máa ń lóye jù ú lọ. Georgina ń bínú pé ìyá òun kò tètè wá ilé. Òǹkàwé ní tirẹ̀ ń rí obìnrin tó ń ṣiṣẹ́ méjì, tó ń wọ́ ẹsẹ̀ nílẹ̀ bó bá ti ibi iṣẹ́ dé. Asọ̀tàn arínúróde, ìyẹn asọ̀tàn tó mọ ohun tó wà lọ́kàn gbogbo ẹ̀dá ìtàn, ì bá ṣàlàyé ohun tó wà lọ́kàn ìyá náà, ìtàn ì bá sì pàdánù agbára rẹ̀.

Gbólóhùn tó ṣí ìwé náà so ìṣẹ̀lẹ̀ méjì pọ̀: ọjọ́ tí Georgina pinnu láti jí ajá ni Luanne, ọ̀rẹ́ rẹ̀ tímọ́tímọ́, mọ̀ pé inú ọkọ̀ ló ń gbé. Kò tíì sí ọ̀rọ̀ ebi tàbí òtútù níbẹ̀. Ìtìjú ló ṣíwájú, òun náà ló sì ń ti ìtàn lọ.

Ìwé ajákọ kan wà tí Georgina ń kọ ìgbésẹ̀ olè jíjà náà sí, pẹ̀lú déètì àti òfin. Ajá náà kò gbọdọ̀ máa gbó jù, kò gbọdọ̀ máa bu èèyàn jẹ, ó sì gbọ́dọ̀ jẹ́ ajá tí olówó rẹ̀ fẹ́ràn gan-an. Ẹ̀rín wà nínú bí ọmọ ṣe ń to ìwà ọ̀daràn lẹ́sẹẹsẹ bí iṣẹ́ àṣetiléwá. Òfin ìfẹ́ yẹn ló sì ń pa òǹkàwé lẹ́kún, nítorí ọmọ tí bàbá rẹ̀ já jù sílẹ̀ ló kọ ọ́.

Bàbá náà kò yọjú. Owó ẹyọ tí wọ́n dì ní ìdì mẹ́ta àti ìgò mayonnaise tí dọ́là rírún wà nínú rẹ̀ ló fi sílẹ̀, àwọn nǹkan wọ̀nyí ló sì dúró fún un.

Ibi tí ìgbékalẹ̀ ìtàn ti dùn jù ni ti Carmella Whitmore, tó ni ajá tó ń jẹ́ Willy. Ilé rẹ̀ tóbi, orúkọ òpópónà sì bá tirẹ̀ mu, Georgina bá gbà pé olówó ni. Kò rí bẹ́ẹ̀: obìnrin náà kò ní owó lọ́wọ́, Willy ni alábàárò rẹ̀. Georgina ń bá a wá ajá tí òun fúnra rẹ̀ fi pamọ́, òǹkàwé sì mọ ibi tó wà.

Mookie, alárìnká tó ń gun kẹ̀kẹ́, ni ẹnu ọgbọ́n nínú ìwé náà. Ó ní bí èèyàn bá ṣe ń rú nǹkan tó, bẹ́ẹ̀ ni yóò ṣe máa rùn tó. Ó tún ní ipa tí a fi sílẹ̀ sẹ́yìn lè ṣe pàtàkì ju ọ̀nà iwájú lọ. Òórùn yẹn di àwítúnwí: ẹ̀rí ọkàn Georgina náà bẹ̀rẹ̀ sí í rùn sí i. Àwítúnwí náà pọ̀ díẹ̀, ṣùgbọ́n ìwà Mookie gba ọ̀rọ̀ rẹ̀ là, torí ó tún ọkọ̀ ìdílé náà ṣe láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni bẹ̀ ẹ́.

Ní 2014, wọ́n fi ìtàn náà ṣe fíìmù ní Gúúsù Kòríà.