Bí Ẹ Ṣe Lè Ka Ojú Ọjọ́ Òṣèlú ní Ilẹ̀ Ọ̀kun

Kì í ṣe gbogbo ohun tó bá ṣú ló ń rọ̀. Àgbẹ̀ Yàgbà, ní ilẹ̀ Ọ̀kun wa tó wà ní ìwọ̀-oòrùn Ìpínlẹ̀ Kogí, mọ èyí dáadáa lóko, ṣùgbọ́n tí ìdìbò bá ti dé, àgbẹ̀ kan náà á gbé garawa síta nígbà tí kò tíì sí ìkùukùu kankan. Ẹ jẹ́ ká fi olóṣèlú kọ̀ọ̀kan sípò rẹ̀ nínú ojú ọjọ́, kí kálukú lè mọ ìgbà tó yẹ kó kó aṣọ tó sá wọlé.

Ààjà ló wọ́pọ̀ jù. Ọ̀sán gangan ló máa ń jà, nígbà tí oòrùn bá ti mú ilẹ̀ tí kò ní koríko gbóná. Afẹ́fẹ́ gbígbóná á gbéra lójijì, á máa yí, á sì gbé eruku àti ọ̀rá píọ̀wọ́tà lọ sókè. Kò lómi nínú, ìṣẹ́jú díẹ̀ ló sì ń lò. Olùdíje tó gba Mọ̀pà kọjá pẹ̀lú jíìpù àti sáírìn, tí póstà ń fò tẹ̀lé e, ààjà ni. Ẹ dijú, ẹ di imú, ẹ jẹ́ kó lọ. Ibi tí koríko bá bo ilẹ̀, ààjà kì í sábà jà níbẹ̀. Ìlú tí ẹgbẹ́ ìdàgbàsókè rẹ̀ máa ń béèrè ìwé ìnáwó, jíìpù kì í pẹ́ níbẹ̀.

Ìjì ní tirẹ̀ máa ń jà nígbà tí òjò bá ń wọlé àti nígbà tó bá ń kásẹ̀ nílẹ̀. Láti ìlà-oòrùn ló ti máa ń wá. (Ojú ọjọ́ là ń sọ o. Pé láti 1991 tí wọ́n ti dá Ìpínlẹ̀ Kogí sílẹ̀, ìwọ̀-oòrùn ìpínlẹ̀ náà kò tíì ní gómìnà tí wọ́n dìbò yàn, ìyẹn kò sí nínú ẹ̀kọ́ òní.) Atẹ́gùn tútù ló ń ṣíwájú òjò rẹ̀, etí òrùlé ló sì ti ń ká páànù, nítorí náà ibẹ̀ ni ìṣó gbọ́dọ̀ pọ̀ sí. Nínú òṣèlú, etí òrùlé ni àwọn ọ̀dọ́ tó jókòó sí gáréèjì láìníṣẹ́. Ibẹ̀ ni ìjì ìdìbò ti máa ń kọ́kọ́ mú nǹkan.

Èyí tó ń pa àgbẹ̀ lẹ́kún jù ni òjò àkọ́rọ̀. Á rọ̀ ní oṣù kẹta, ilẹ̀ á tutù, àgbàdo á wọlẹ̀. Ọ̀dá á wá mú fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, èhù á gbẹ tán. Kí ẹ tó gbin nǹkan kan, ẹ gbẹ́ ilẹ̀ wò. Bí òjò kò bá tíì tó nǹkan bíi mìlímítà 20 láàárín ọjọ́ mélòó kan, tí òmíràn kò sì tẹ̀lé e, ẹ mú sùúrù.

Kànga ẹ̀rọ ìgbà ìpolongo, òjò àkọ́rọ̀ pọ́ńbélé ni. Rígì tó ń gbẹ́ kànga á dé, omi á tú sókè, àwọn obìnrin á jó, fídíò á jáde. Kọ̀mpùrẹ́sọ̀ rígì, ẹ̀rọ tó ń fẹ́ atẹ́gùn, ló fẹ́ omi yẹn jáde; kò fi hàn pé kànga náà á lómi lẹ́yìn ọ̀la. Ìdánwò gidi ni kí wọ́n fi ẹ̀rọ fa á fún wákàtí mélòó kan láìdúró, kí wọ́n sì máa wọn bí omi ṣe ń lọ sílẹ̀ nínú rẹ̀. Àpáta ló wà lábẹ́ ilẹ̀ wa ní ọ̀pọ̀ ibi, inú ibi tó sán lára àpáta náà sì ni omi ń sá sí. Èyí tí wọ́n gbẹ́ ní oṣù kẹwàá, nígbà tí omi abẹ́ ilẹ̀ ga jù, lè gbẹ táútáú ní oṣù kẹta.

Ẹ wá wo bí kàlẹ́ńdà ṣe gbè àwọn olóṣèlú. Ní 2015, 2019 àti 2023, oṣù kọkànlá ni ìdìbò gómìnà wa bọ́ sí, nígbà tí òjò ti dáwọ́ dúró. Ọ̀nà tí gréédà ha ní ìparí oṣù kẹwàá á tẹ́jú títí wọ́n á fi ka ìbò tán, nítorí kò sí omi tí yóò dán an wò. Ẹ má wo ojú ọ̀nà yẹn rárá. Àárín rẹ̀ ni kí ẹ wò: ó yẹ kó ga ju ẹ̀gbẹ́ méjèèjì lọ, kí omi lè ṣàn kúrò. Ẹ wo ibi tí omi ń gbà kọjá, bóyá kọ́fátì, ihò tí omi ń gbà lábẹ́ ọ̀nà, wà níbẹ̀ àbí iyẹ̀pẹ̀ pupa ni wọ́n kàn dà bò ó. Kí ẹ sì béèrè róólà. Iyẹ̀pẹ̀ tí róólà kò tẹ̀ á bá òjò oṣù kẹrin lọ sódò.

Lẹ́yìn ìbúra, ọyẹ́ ló kù. Eruku Sàhárà á bo ojú ọ̀run. Ẹ ó máa rí oòrùn bàìbàì, bí ẹ ṣe ń rí aṣojú yín lórí tẹlifíṣàn láti Àbújá. Ọyẹ́ tilẹ̀ sàn díẹ̀: ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ni kajú ń tanná.

Ti ìkún omi kò gùn. Èyí tó bo Lọ́kọ́ja ní 2012 àti 2022, òkè Odò Ọya àti Bẹ́núè ló ti ń ya bọ̀, wọ́n sì ti kìlọ̀ ṣáájú. Olóṣèlú tó dé pẹ̀lú bàtà rọ́bà àti àpò ìrẹsì lẹ́yìn tí omi ti dé ojú fèrèsé, ẹ bi í léèrè ohun tó ń ṣe nígbà tí omi ṣì wà lọ́nà.

Ẹni tó bá fẹ́ wọn òjò fúnra rẹ̀, kó wá agolo tí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ gún régé láti òkè dé ìsàlẹ̀, àti rúlà. Kó gbé e sí gbangba, kó jìnnà sí igi tàbí ilé ní ìlọ́po méjì gíga wọn. Kó kà á ní agogo mẹ́sàn-án àárọ̀, kó sì dà á nù. Mìlímítà 1 lórí ilẹ̀ tó fẹ̀ ní mítà kan níbùú lóròó jẹ́ lítà 1. Ẹ má gbé e sábẹ́ etí òrùlé o: omi orí páànù á mú kó dà bíi pé òjò pọ̀. Ìdí kan náà ni kò fi yẹ kí ẹ béèrè iṣẹ́ olóṣèlú lọ́wọ́ àwọn tó ń jẹun lẹ́nu géètì rẹ̀. Bí agolo bá sì kún nígbà tí ilẹ̀ àyíká rẹ̀ gbẹ, ẹnìkan ló bu omi síbẹ̀ lóru. Ẹ wò ó bóyá ìdìbò kù sí dẹ̀dẹ̀.