Ìbọn àtijọ́ tó wà lára ògiri: ta ló ní ẹ̀tù inú rẹ̀ ti kú?

Ọ̀pọ̀ agboolé ọdẹ ní Ọ̀yọ́ àti Ògbómọ̀ṣọ́ ló ṣì ní ìbọn ṣakabùlà kan tí bàbá ńlá wọn fi ṣọdẹ. Ìpata ti bò ó, kòkòrò ti ń jẹ ìdí rẹ̀. Bí ọmọ ilé kan bá ní òun fẹ́ tún un ṣe kó lè dùn ún wò ní pálọ̀, ohun tí wọ́n máa ń kọ́kọ́ sọ fún un ni pé kó fọkàn balẹ̀, ìbọn yẹn ti kú tipẹ́, ẹ̀tù tó bá wà nínú rẹ̀ á ti di eruku.

Irọ́ gbáà ni. Èédú, imí ọjọ́ àti iyọ̀ kan tó ń bọ́ iná ni wọ́n pò di ẹ̀tù dúdú, kò sì sí ọ̀kan nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tó ń jẹrà. Omi nìkan ni ọ̀tá rẹ̀, torí omi ló ń yọ́ iyọ̀ náà. Ẹ̀tù tí ọ̀rinrin kàn bà, tí ọyẹ́ sì tún gbẹ lẹ́yìn náà, máa ń dì bí àkàrà ni, yóò sì tún gbiná. Àwọn àgbà wa tún sábà máa ń fi ìbọn há òkè ààrò, níbi tí èéfín ti ń gbẹ ẹ́ lójoojúmọ́. Ibẹ̀ gan-an ni ẹ̀tù ti ń pẹ́.

Àwọn kan á ní, kí ló dé tí bàbá yóò fi gbé ìbọn kọ́ tòun ti ẹ̀tù? Ìdí pọ̀. Ọdẹ tí kò rí ẹran yìn kì í sábà tú ohun tó ti kì sínú ìbọn, torí iṣẹ́ gidi ni títú u. Ẹni tó ń ṣọ́lé lóru kì í fẹ́ kí ìbọn òun ṣófo. Èyí tó burú jù ni ti ọjọ́ ìsìnkú ọdẹ tàbí ọdún Ògún: ìbọn kọ̀, kò dún, ariwo kò jẹ́ kí ẹni tó mú un mọ̀, ló bá tún kì í lé e. Ẹ̀tù ìlọ́po méjì ló gbé kọ́ ògiri yẹn.

Kí ẹnikẹ́ni tó mú irun irin tàbí kẹrosíìnì, ẹ wọn inú ọ̀pá ìbọn náà. Ọ̀pá igi tẹ́ẹ́rẹ́ tó gùn ju ọ̀pá ìbọn lọ lẹ máa lò, kò gbọdọ̀ jẹ́ irin, torí irin lè ta iná. Ẹ tẹ́ ìbọn sílẹ̀, kí ẹnu rẹ̀ kọ sí ibi tí kò séèyàn, kí ẹ dúró sí ẹ̀gbẹ́, kí ẹ rọra ti ọ̀pá náà wọlé títí yóò fi dúró. Ẹ sàmì síbi tó bá ẹnu ìbọn dọ́gba, ẹ yọ ọ́, ẹ tẹ́ ẹ sí ìta ọ̀pá ìbọn, kí àmì náà bá ẹnu rẹ̀ dọ́gba. Tí orí rẹ̀ bá dé ibi ihò kékeré tí iná ń gbà wọlé, inú ṣófo. Tí kò bá débẹ̀, nǹkan wà níbẹ̀. Ó lè jẹ́ ilé amọ̀ tí agbọ́n kọ́, àmọ́ ẹ má fi agbọ́n tan ara yín: ẹ̀tù ni kí ẹ kà á sí.

Láti ibí lọ, alágbẹ̀dẹ ìbọn tó ní ìwé àṣẹ ló ni iṣẹ́ náà. Ẹ má gbé e lọ sọ́dọ̀ wẹ́dà tàbí onígíráńdà. Kò sì sẹ́ni tó gbọdọ̀ ti ọ̀pá ìbọn bẹ́ẹ̀ bọ iná ewìrì kí ìpata lè rọ̀, torí ibẹ̀ ni òkú ìbọn ti ń jí. Bí kápù, ìyẹn fìlà irin kékeré tó ń ta iná tí wọ́n bá gbá a, bá ṣì wà lórí ọmú ìbọn, ibi tó yọ sókè tí iná ń gbà wọlé, òun ni alágbẹ̀dẹ yóò kọ́kọ́ fi igi rọra yọ, láìgbá a. Lẹ́yìn náà ni yóò gbé ìbọn dúró, ẹnu rẹ̀ lókè, yóò bu omi tí a kán ọṣẹ díẹ̀ sí kún inú rẹ̀, yóò sì fi sílẹ̀ di ọjọ́ kejì. Omi dúdú tó bá ń kán láti ihò iná ni àmì pé omi ti dé ìdí ẹ̀tù. Tí kò bá sí èyí tó kán, ìdì tí wọ́n kì lé ẹ̀tù lórí ti dí ọ̀nà, ó sì di dandan kó fi síríńjì fín omi gba ihò iná wọlé. Yóò ṣe é bẹ́ẹ̀ fún bí ọjọ́ mẹ́ta, kó tó fi irin tí orí rẹ̀ lọ́ bíi síkúrúù fa ìdì àti ọta jáde, nígbà tí gbogbo rẹ̀ ṣì tutù. Omi lè ba igi ìdí rẹ̀ jẹ́ díẹ̀. Igi tó bàjẹ́ sàn ju ìka tó já lọ.

Ní kété tí inú rẹ̀ bá mọ́, omi gbígbóná ni kí wọ́n fi ṣan án. Irin tó gbóná máa ń gbẹ fúnra rẹ̀. Wákàtí yẹn náà ni kí wọ́n fi ọ́ìlì pa á, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ ìpata tuntun á ti yọ kílẹ̀ tó mọ́.

Ní ti ìpata ìta, sáńpépà àti ọsàn wẹ́wẹ́ ló ń ba ìbọn àtijọ́ jẹ́ jù. Ìpata pupa tó ń bó ni kí ẹ lé lọ. Àwọ̀ dúdú tó ti lẹ̀ mọ́ irin, ẹ fi í sílẹ̀, òun ló ń dáàbò bò ó. Ẹ fi kẹrosíìnì pa á, kó sùn bẹ́ẹ̀, kí ẹ wá fi irun irin tó kúnná jù, èyí tí wọ́n kọ 0000 sí lára páálí rẹ̀, rọra fọ̀ ọ́. Ẹ wo ìdí ọ̀pá náà dáadáa kí ẹ tó fọwọ́ líle kàn án. Lára èyí tó wá láti Birmingham ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ẹ lè rí òǹtẹ̀ ilé ìdánwò ìbọn tí òfin dá sílẹ̀ níbẹ̀ ní 1813. Ẹni tó bá ha á kúrò ti pa ìtàn ìbọn náà rẹ́.

Epo pupa kò dára fún igi ìdí rẹ̀, kì í gbẹ, aáyán àti eku ló ń pè. Ìda oyin tí a yọ́, tí a fi aṣọ pa á wọlé, ló tọ́. Bí okùn awọ rẹ̀ bá ti já, àwọn oníṣẹ́ awọ kún Ọ̀yọ́.

Ìbọn tó dán kì í ṣe ìbọn tó ṣeé yìn o. Ìpata máa ń jẹ inú ọ̀pá níbi tí ẹ̀tù ń jókòó sí, ojú kò sì lè tó ibẹ̀. Ẹ ní kí alágbẹ̀dẹ dí ihò iná náà pa, kó di ohun ìwò.

Tó bá wá jẹ́ ìbọn ìléwọ́ lẹ bá nínú àpótí bàbá ńkọ́? Ọ̀rọ̀ yàtọ̀. Òfin ìbọn Nàìjíríà ti 1959 ka gbogbo ìléwọ́ sí èèwọ̀, títí kan ti àtijọ́ tó ń fi òkúta tàbí kápù yìn. Ṣakabùlà ní tirẹ̀ wà lára àwọn tó ń fẹ́ ìwé àṣẹ. Ẹ má gbé ìléwọ́ lọ sọ́dọ̀ alágbẹ̀dẹ. Ẹ má sì rò pé yíyọ àpò ọta ìdí rẹ̀ ti sọ ọ́ di òfìfo, torí ọta kan lè ṣì jókòó sínú ọ̀pá rẹ̀. Ẹ fi í sílẹ̀ síbi tó wà, ẹ ti ilẹ̀kùn, ẹ lọ pe ọlọ́pàá wá gbé e.