Ibi Tí Adágún Ìgbafẹ́ Ti Ṣẹ̀, àti Bí A Ṣe Ń Sé E ní Ẹ̀pẹ́

Oúnjẹ ló kọ́kọ́ mú èèyàn sé odò, kì í ṣe fàájì. Ní Yúróòpù àtijọ́, àwọn mọ́ǹkì Kátólíìkì ń sin ẹja sínú adágún, torí ẹran jẹ́ èèwọ̀ lọ́jọ́ ààwẹ̀. Ní ọ̀rúndún kejìdínlógún, àwọn ọlọ́lá ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ń sé odò kí ọgbà wọn lè rẹwà. Amẹ́ríkà ló wá sọ ọ́ di ti àgbẹ̀ lásán: lẹ́yìn 1935, ìjọba ibẹ̀ ń kọ́ àwọn àgbẹ̀ bí wọ́n ṣe lè sé àfonífojì, màlúù ń mu níbẹ̀, àwọn ọmọ ń lúwẹ̀ẹ́ níbẹ̀.

Nílé wa, àwọn èèyàn a máa fi amọ̀ sé odò nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, wọ́n á gbọ́n omi rẹ̀, wọ́n á ṣa ẹja. Òjò àkọ́kọ́ ló ń wó irú ìsé bẹ́ẹ̀. Nígbà tó yá, ìjọba amúnisìn dán ẹja sísìn wò ní Oníkan l'Ékòó. Epìyà ni wọ́n lò, àbájáde rẹ̀ kò sì wù wọ́n. Epìyà a máa bímọ ju bó ṣe yẹ lọ, oúnjẹ ò ní ká wọn, gbogbo wọn ò ní lè dàgbà dáadáa. Ìdí nìyẹn tó fi dára kí a kó àrọ̀ pọ̀ mọ́ ọn, kó máa jẹ ọmọ rẹ̀.

Ògiri tí a fi ń sé omi ló le jù. Ilẹ̀ Ẹ̀pẹ́ níyanrìn, omi á máa jò lábẹ́ rẹ̀ bí a kò bá gbẹ́ kòtò sábẹ́ ògiri títí a ó fi kan amọ̀, ká sì fi amọ̀ tó dáa dí i. Oṣù Ọ̀pẹ sí Èrèlé ni ká ṣe é, kí òjò tó dé. Ká hú gbogbo gbòǹgbò kúrò; bó bá jẹrà nínú ògiri, ihò ló ń di. Di amọ̀ náà mú ní àtẹ́lẹwọ́, kí o fún un: bó bá dì láìṣomi, ó ti tó. Ìpele 15 sí 20 sẹ̀ǹtímítà ni ká máa dà, ká gún un kí òmíràn tó gorí rẹ̀. Fún mítà 1 kọ̀ọ̀kan tí ògiri bá ga, kí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ tẹ́ sínú ní mítà 3, síta ní mítà 2. Kí omi má ga ju 60 sẹ̀ǹtímítà sísàlẹ̀ orí rẹ̀.

Páìpù tó gba inú ògiri ló sábà ń fa ìjò. Omi á tọ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Fi kọnkéré yí i ká lágbedeméjì. Ojú ọ̀nà tí omi òjò yóò gbà lọ gbọ́dọ̀ wà lórí ilẹ̀ líle lẹ́gbẹ̀ẹ́, kì í ṣe lórí ògiri, torí ọ̀gbàrá oṣù Òkúdù lè fọ́ ọ lóru ọjọ́ kan.

Ibi tí àwọn ọmọ bá ti ń lúwẹ̀ẹ́, ká máa gé koríko etí omi déédéé: ìgbín omi tó ń gbé aràn tó ń fa ìtọ̀ ẹlẹ́jẹ̀ fẹ́ràn ibẹ̀.